Ínsúlíìnì inú ìgò: bí a ṣe ń fà á, tí a sì ń gún un nílé láì ṣi ìwọ̀n rẹ̀

Ẹni tó ní àtọ̀gbẹ ń gún ínsúlíìnì, oògùn tó ń mú ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ wálẹ̀, láàárọ̀ àti lálẹ́, síbẹ̀ ẹ̀rọ tó fi ń yẹ ṣúgà wò sọ pé 300 mg/dL, tó ga jù. Lọ́jọ́ kejì, oúnjẹ kan náà ló jẹ, iye yúníìtì kan náà ló gún, ẹ̀rọ bá sọ pé 58: òógùn bò ó, ọwọ́ ń gbọ̀n, ọ̀rọ̀ ẹnu rẹ̀ ò já gaara mọ́. Àwọn ará ilé á ní oògùn yìí ò bá a lára mu. Ó lè rí bẹ́ẹ̀. Àmọ́ lọ́pọ̀ ìgbà, ọwọ́ tó ń fa oògùn ló yẹ ká kọ́kọ́ wò: síríńjì tí kì í ṣe ti ìgò yẹn, ìgò tí ooru ti bà jẹ́, oògùn funfun tí ẹnikẹ́ni ò yí kó tó fà á, tàbí ojú kan ṣoṣo lára tí wọ́n ti ń gún láti èṣí.

Iye yúníìtì tí ẹ máa gún, dókítà yín ló máa sọ ọ́. Ohun tí a fẹ́ ṣe níbí ni kí iye tó kọ sílẹ̀ jẹ́ iye tó wọ ara gan-an. Ẹni tó ń lo péènì ínsúlíìnì, èyí tó rí bíi bírò tí oògùn ti wà nínú rẹ̀, lè fo ìpele kẹta àti ìkẹrin, ìyókù kàn án.

Ohun tí ẹ máa kó jọ

- Ìgò ínsúlíìnì tí wọ́n kọ U-100 sí lára. Ìyẹn ni pé yúníìtì 100 ló wà nínú mílílítà 1. Ìgò tó wọ́pọ̀ gba mílílítà 10, yúníìtì 1,000 lápapọ̀.
- Síríńjì ínsúlíìnì tí wọ́n kọ U-100 sí lára òun náà.
- Ẹ̀rọ ìyẹ-ṣúgà-wò àti bébà rẹ̀. Ẹ máa dé ìgò bébà náà pa, torí ọ̀rinrin máa ń bà á jẹ́.
- Ọṣẹ, omi, sípíríìtì àti òwú.
- Ṣúgà tàbí mínírà aládùn ní àrọ́wọ́tó, kì í ṣe èyí tí ẹ máa rán ọmọ lọ rà bí nǹkan bá ti ṣẹlẹ̀.
- Ike líle olómorí fún abẹ́rẹ́ tí ẹ ti lò.
- Ìwé àti bírò.

Ọ̀rọ̀ síríńjì gba kí a dúró díẹ̀, torí ibẹ̀ ni ewu tó pọ̀ jù wà. Oríṣi mẹ́ta ló wà lọ́jà: mílílítà 0.3 tó gba yúníìtì 30, mílílítà 0.5 tó gba 50, àti mílílítà 1 tó gba 100. Lórí oní-30 àti oní-50, ìlà kékeré kan sábà máa ń jẹ́ yúníìtì 1, àwọn oní-30 mìíràn sì ní ìlà ìdajì yúníìtì. Lórí oní-100, ìlà kan sábà máa ń jẹ́ yúníìtì 2. Ẹni tó bá ka ìlà 9 lórí oní-100, tó rò pé yúníìtì 9 lòun fà, 18 ló fà. Torí náà, nọ́ńbà tí wọ́n kọ sí ẹ̀gbẹ́ síríńjì ni kí ẹ máa kà, ẹ má ka ìlà lásán. Síríńjì tó kéré jù tó lè gba iye tiyín ni kí ẹ sì rà, torí ìlà rẹ̀ máa ń hàn dáadáa.

Ẹ ṣọ́ra fún síríńjì U-40, tí wọ́n ṣe fún ínsúlíìnì tó ní yúníìtì 40 nínú mílílítà 1, èyí tí ìdérí rẹ̀ sábà máa ń pupa. Ti U-100 sábà máa ń ní àwọ̀ ọsàn. Bí ẹ bá fi síríńjì U-40 fa ínsúlíìnì U-100 dé orí 20, yúníìtì 50 lẹ fà yẹn, ìlọ́po méjì àti ààbọ̀. Síríńjì mílílítà 2 tí nọ́ọ̀sì fi ń gún abẹ́rẹ́ ibà ńkọ́? Ìlà kékeré kan lórí rẹ̀ jẹ́ mílílítà 0.1, ìyẹn yúníìtì 10. Kò sí bí ojú ṣe lè mú tó tí èèyàn á fi wọn yúníìtì 6 lórí rẹ̀. Bí kẹ́míìsì bá ní òun ò ní ti ínsúlíìnì, ẹ wá a lọ síbòmíì.

Ìpele 1: Ẹ fi ìwé dókítà wé ìgò

Ẹ ka orúkọ tó wà lára ìgò síta, kí ẹ sì ka èyí tó wà nínú ìwé. Ẹ má fi àwọ̀ omi inú rẹ̀ dá a mọ̀. Actrapid mọ́ gaara, ó sì ń yára ṣiṣẹ́. Lantus náà mọ́ gaara, àmọ́ nǹkan bí odindi ọjọ́ kan ni òun fi ń ṣiṣẹ́ díẹ̀díẹ̀. Ẹni tó ń lo méjèèjì, tó bá fi ọ̀kan rọ́pò èkejì nínú òkùnkùn alẹ́, ṣúgà rẹ̀ lè já wálẹ̀ láàárín òru. Ẹ so rọ́bà mọ́ ọrùn ọ̀kan kí ọwọ́ lè dá a mọ̀ bí wọ́n bá mú iná lọ.

Ẹ wo bí wọ́n ṣe kọ iye náà. «8U» tí wọ́n fi ìkánjú kọ máa ń jọ 80. Bí kò bá dá yín lójú, ẹ bi ẹni tó kọ ọ́, kí ẹ sì fi ọwọ́ ara yín kọ «yúníìtì mẹ́jọ» sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀.

Ẹ̀rí pé ìpele yìí yọrí: ẹ lè sọ orúkọ oògùn, iye rẹ̀ àti aago rẹ̀ láì wo ìwé, kí ẹni kejì nínú ilé sì gbà pé bẹ́ẹ̀ ló wà nínú ìwé.

Ìpele 2: Ẹ yẹ oògùn wò, kí ẹ sì yí i

Ẹ wo ọjọ́ tí oògùn máa kú lára páálí. Ẹ tún wo ọjọ́ tí ẹ kọ́kọ́ lu ẹnu ìgò náà, tí ó yẹ kí ẹ ti fi bírò kọ sí i lára. Ọ̀pọ̀ ìgò ò gbọdọ̀ kọjá ọjọ́ 28 lẹ́yìn tí ẹ bá ti ṣí i. Ìwé inú páálí á sọ iye ọjọ́ tiyín gan-an. Ibí yìí ló máa ń dun àwọn èèyàn jù: ẹni tó ń gún yúníìtì 24 lójúmọ́ á rí i pé oògùn ṣì pọ̀ nínú ìgò lọ́jọ́ kejìdínlọ́gbọ̀n, owó gọbọi ló sì fi rà á. Síbẹ̀, agbára rẹ̀ ti ń lọ, ẹ ò sì ní mọ ìgbà tó lọ tán.

Èyí tó yẹ kó mọ́ gaara gbọ́dọ̀ mọ́ bí omi. Bó bá ti rí ràkọ̀ràkọ̀ tàbí tí nǹkan ń léfòó nínú rẹ̀, ẹ má lò ó. Èyí tó funfun, bíi Insulatard àti Mixtard, ni ọ̀pọ̀ èèyàn ń ṣì lò. Ó máa ń tòrò bí ògì: funfun á sùn sísàlẹ̀, omi á gorí. Bí ẹ bá fà á láì yí i, omi orí ògì lẹ fà, ẹ ò fa ògì. Ẹ gún un, ṣúgà ò wálẹ̀ bó ṣe yẹ. Ìgò ń tán lọ, ohun tó ṣẹ́kù nísàlẹ̀ ń ki sí i, títí di ọjọ́ tí iye yúníìtì kan náà á gbé ọ lulẹ̀. Ibẹ̀ ni 300 àti 58 ti sábà máa ń wá.

Ẹ gbé ìgò sí àárín àtẹ́lẹwọ́ méjèèjì, kí ẹ yí i nígbà 10. Lẹ́yìn náà, ẹ rọra dojú rẹ̀ délẹ̀ kí ẹ sì gbé e padà, nígbà 10. Ẹ má mì í jìgìjìgì bí ìgò oògùn ikọ́, torí ó máa hó, afẹ́fẹ́ inú ìfófòó náà á sì dá ìwọ̀n yín rú. Bó bá ti inú fíríìjì wá, ẹ jẹ́ kí òtútù rẹ̀ kọ́kọ́ rọlẹ̀. Tútù rẹ̀ ló ń jẹ́ kó máa ta ni lára.

Ẹ̀rí: gbogbo inú ìgò funfun dọ́gba láti òkè dé ìsàlẹ̀. Bí kókó bá ṣẹ́kù, tàbí tí nǹkan lẹ̀ mọ́ ara ìgò bí ìrì dídì, oògùn yẹn ti bàjẹ́, yíyí kankan ò lè tún un ṣe.

Ìpele 3: Fífa oríṣi kan

1. Ẹ fi ọṣẹ fọ ọwọ́, kí ẹ nù ún gbẹ. Kí ẹ tó gún ìka láti yẹ ṣúgà wò náà, ọwọ́ gbọ́dọ̀ mọ́: ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bó ọsàn, ṣúgà ọsàn ni ẹ̀rọ máa kà lára ìka rẹ̀.
2. Ẹ fi sípíríìtì nu rọ́bà ẹnu ìgò, ẹ jẹ́ kó gbẹ. Ẹ má fi ẹnu fẹ́ ẹ.
3. Ẹ fa afẹ́fẹ́ sínú síríńjì, iye kan náà pẹ̀lú oògùn tí ẹ fẹ́ gún. Ìgò wà lórí ìdúró. Ẹ gún rọ́bà, kí ẹ ti afẹ́fẹ́ náà wọlé. Bí ẹ ò bá ṣe èyí, lẹ́yìn ọjọ́ mélòó kan ìgò á máa fa ọ̀pá síríńjì padà mọ́ yín lọ́wọ́.
4. Ẹ dojú ìgò dé, kí orí abẹ́rẹ́ wà nínú oògùn. Ẹ fa yúníìtì 2 tàbí 3 kọjá iye tiyín.
5. Ẹ fi ìka ta síríńjì kí afẹ́fẹ́ róbótó gòkè, kí ẹ tì í padà sínú ìgò títí ẹ ó fi dé orí iye náà gan-an. Síríńjì gbọ́dọ̀ wà ní ọ̀gangan ojú yín. Etí rọ́bà dúdú tó kọjú sí abẹ́rẹ́ ni kí ẹ fi kà á, kì í ṣe etí tó wà lẹ́yìn.

Àwọn kan ń bẹ̀rù pé afẹ́fẹ́ inú síríńjì lè pa èèyàn. Abẹ́ awọ ni ínsúlíìnì ń lọ, afẹ́fẹ́ kékeré ò lè pa yín níbẹ̀. Wàhálà rẹ̀ ni pé ó gba ipò oògùn: bí afẹ́fẹ́ bá gba àyè yúníìtì 3 nínú 10, yúníìtì 7 péré lẹ gún.

Ẹ̀rí: etí rọ́bà wà lórí nọ́ńbà náà gẹ́ẹ́, kò sí afẹ́fẹ́ tí ojú rí, ẹni kejì sì ka nọ́ńbà kan náà.

Ìpele 4: Bí dókítà bá ní kí ẹ pa méjì pọ̀

Oògùn tó mọ́ ni kí ẹ kọ́kọ́ fà, kí ẹ tó fa èyí tó funfun. Ìdí rẹ̀ ni pé bí funfun bá kán sínú ìgò tó mọ́, gbogbo ìgò yẹn ò ní yára ṣiṣẹ́ mọ́ bó ṣe yẹ. Ká ní yúníìtì 8 Actrapid àti 16 Insulatard ni:

1. Ẹ ti afẹ́fẹ́ 16 sínú ìgò funfun tí ẹ ti yí. Ẹ má fa oògùn, ẹ má sì jẹ́ kí abẹ́rẹ́ kan omi rẹ̀. Ẹ yọ ọ́.
2. Ẹ ti afẹ́fẹ́ 8 sínú ìgò tó mọ́, kí ẹ fa 8. Ẹ lé gbogbo afẹ́fẹ́ jáde níbí, torí kò ní sí àyè fún un mọ́.
3. Ẹ padà sínú ìgò funfun, kí ẹ rọra fà á dé orí 24.

Bó bá di 26 ńkọ́? Ẹ má ti 2 padà sínú ìgò o! Ohun tó wà nínú síríńjì ti pò mọ́ra. Kò sẹ́ni tó mọ èyí tó máa padà. Ẹ da gbogbo rẹ̀ nù, kí ẹ bẹ̀rẹ̀ látìbẹ̀rẹ̀. Bí ẹ bá ti pò ó tán, ẹ gún un lójú ẹsẹ̀.

Lantus kì í bá ohunkóhun pọ̀ nínú síríńjì kan. Ojú abẹ́rẹ́ tirẹ̀ lọ́tọ̀. Mixtard ní tirẹ̀, wọ́n ti pò ó láti ilé iṣẹ́, ìpele yìí ò kàn án.

Ìpele 5: Ibi tí ẹ máa gún

Ikùn, ìta itan, òkè ìdí, àti ẹ̀yìn apá lókè. Ní ikùn, ẹ fi ìka méjì jìnnà sí ìdodo. Oògùn máa ń yára wọlé jù ní ikùn, ó máa ń lọ́ra ní itan àti ìdí. Nítorí náà, bó bá jẹ́ pé ikùn ni ti àárọ̀, kó máa jẹ́ ikùn láràárọ̀. Bó bá jẹ́ itan ni ti alẹ́, kó máa jẹ́ itan lálaalẹ́. Ẹ má fi ikùn tòní, kí ẹ fi itan tọ̀la.

Àmọ́ láàárín ikùn náà, ojú abẹ́rẹ́ gbọ́dọ̀ máa ṣí. Ẹ pín ikùn sí mẹ́rin, kí ẹ lo ìdá kan fún ọ̀sẹ̀ kan, kí ojú tòní sì fi nǹkan bí ìbú ìka kan jìnnà sí tàná. Àwọn àgbàlagbà fẹ́ràn ojú kan ṣoṣo, torí ó ti kú, kò dùn wọ́n mọ́. Ohun tó kú yẹn gan-an ni wàhálà: ọ̀rá abẹ́ awọ ti dì níbẹ̀, oògùn á máa há sínú rẹ̀, ó lè jáde lónìí, ó sì lè má jáde.

Ẹ fi ọwọ́ tó ní ọṣẹ pa ikùn àti itan lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀. Ibi tó bá le tàbí tó wú bíi kókó, ẹ fi í sílẹ̀ fún oṣù mélòó kan. Ẹ sọ fún dókítà kí ẹ tó kúrò lójú kókó lọ sí ibi tó dára, nítorí iye kan náà lè wá pọ̀ jù lójijì.

Ìpele 6: Gígún

Bí awọ bá mọ́, omi àti ọṣẹ tó. Bó bá jẹ́ sípíríìtì lẹ lò, ẹ jẹ́ kó gbẹ tán, kó má baà ta yín. Ẹ fi àtàǹpàkò àti ìka ìfábẹ̀là gbé awọ sókè, awọ àti ọ̀rá nìkan, ẹ má gbé iṣan mọ́ ọn. Ẹ ti abẹ́rẹ́ wọlé lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo: lóòró bí ọ̀rá bá pọ̀, ní ìdagun bí èèyàn bá tín-ín-rín. Ẹ ti ọ̀pá dé ìdí, kí ẹ ka ení dé ẹ̀wá, kí ẹ yọ abẹ́rẹ́ jáde, lẹ́yìn náà kí ẹ ju awọ sílẹ̀. Ẹ má fi ọwọ́ ra ibẹ̀, torí ríra máa ń mú kí oògùn yára wọlé.

Bí ìkán omi bá ń jáde lẹ́yìn tí ẹ yọ ọ́, ẹ ti yára yọ ọ́ nìyẹn. Ẹ má gún òmíràn lé e. Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀, kí ẹ yẹ ṣúgà wò léraléra lọ́jọ́ náà. Bí ẹ bá gbàgbé bóyá ẹ ti gún un tàbí ẹ ò tíì gún un, ẹ má tún un gún, ẹ pe dókítà.

Ìgbà kan ṣoṣo ni síríńjì wà fún. A mọ̀ pé owó ló ń jẹ́ káwọn èèyàn tún un lò. Ó kéré tán, kí ẹlòmíì má fi kan ara láéláé, ì báà jẹ́ tọkọtaya, ì báà jẹ́ ìyá àtọmọ.

Ìpele 7: Oúnjẹ, àti bí ṣúgà bá já wálẹ̀

Actrapid àti Mixtard ń fẹ́ kí oúnjẹ tẹ̀ lé wọn ní nǹkan bí ìṣẹ́jú 30. Ẹ má gún un nígbà tí ẹ̀wà ṣì wà lórí iná. Ẹ má sì gún un nílé láàárọ̀ pẹ̀lú èrò pé ẹ máa jẹun níbi iṣẹ́: gosíló ò mọ̀ pé ínsúlíìnì wà lára yín.

Bí ara bá ń gbọ̀n, tí òógùn ń bò yín, tí ebi òjijì dé, ẹ yẹ ṣúgà wò. Bó bá wà lábẹ́ 70 mg/dL (3.9 ni fún ẹni tí ẹ̀rọ rẹ̀ ń ka mmol/L), ẹ po ṣíbí tíì 3 tàbí 4 ṣúgà mọ́ omi, kí ẹ mu ún, tàbí kí ẹ mu nǹkan bí mílílítà 150 mínírà aládùn. Èyí tí wọ́n kọ «zero» sí lára ò wúlò níbí. Lẹ́yìn ìṣẹ́jú 15, ẹ tún un yẹ̀ wò. Bó bá ṣì wà lábẹ́ 70, ẹ tún un mu. Bó bá gòkè, ẹ jẹun. Bí ẹ ò bá rí ẹ̀rọ nítòsí, ẹ kọ́kọ́ mu ṣúgà ná.

Ẹni tó ti dákú, tàbí tí kò lè gbé nǹkan mì, ẹ má da ohunkóhun sí i lẹ́nu: kì í ṣe oyin, kì í ṣe mílíìkì, kì í ṣe epo pupa. Ọ̀nà ẹ̀dọ̀fóró ló máa bá lọ. Ẹ dá a dùbúlẹ̀ ní ẹ̀gbẹ́, kí ẹ gbé e lọ sí ilé ìwòsàn kíá.

Ibi tí oògùn ń sùn

Ìgò tí ẹ ò tíì ṣí: inú fíríìjì, láàárín 2°C sí 8°C, lórí pẹpẹ àárín, kó má fara kan ibi tó ń dì. Ínsúlíìnì tó bá ti dì rí ti kú, bó tilẹ̀ yọ́ padà tí kò yàtọ̀ lójú. Nígbà tí kò bá sí iná, àwọn kan á tẹ́ ẹ sórí yìnyín tàbí kí wọ́n gbé e lọ sínú fírísà aládùúgbò. Ẹ má ṣe é. Bí ẹ bá máa lo kúlà, ẹ fi aṣọ ìnura wé ìgò kó má kan yìnyín.

Èyí tí ẹ ń lò lọ́wọ́ ò nílò fíríìjì bí ilé ò bá gbóná kọjá iye tí ìwé inú páálí sọ, èyí tó sábà máa ń jẹ́ 25°C tàbí 30°C. Yàrá Ìbàdàn lóṣù kẹta lè kọjá ìyẹn. Àmù ló lè gbà yín: ẹ gbé ìkòkò amọ̀ kékeré sínú ńlá, ẹ da iyẹ̀pẹ̀ sí àárín wọn, ẹ máa bomi rin ín láàárọ̀ àti lálẹ́, ẹ di ìgò sínú ọ̀rá kí omi má baà kàn án, kí ẹ gbé e sínú ti kékeré, kí ẹ fi aṣọ tútù bò ó níbi tí atẹ́gùn ń fẹ́. Nígbà ọyẹ́, ó máa ń tutù gan-an, torí afẹ́fẹ́ gbẹ, omi sì ń yára gbẹ kúrò lára ìkòkò. Lásìkò òjò, agbára rẹ̀ máa ń dín kù. Ẹ fi tẹmómítà kékeré sínú rẹ̀, kí ẹ wò ó ní aago 3 ọ̀sán, ìgbà tí ooru mú jù, kí ẹ tó gbẹ́kẹ̀ lé e.

Bí ẹ bá ń rìnrìn àjò, kó má wọ búùtù ọkọ̀, kó má sì wà nínú ọkọ̀ tí ẹ tì pa sínú oòrùn. Nínú ọkọ̀ òfuurufú, àpò ọwọ́ ni kó wà.

Síríńjì tí ẹ ti lò, ẹ ju òun àti abẹ́rẹ́ rẹ̀ sínú ike líle, irú ti bílíìṣì. Ìgò omi rírà ti rọ̀ jù, abẹ́rẹ́ á gún un já. Bó bá kún dé ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin, ẹ dé e pa, kí ẹ fi sẹ́lótéèpù wé ìdérí rẹ̀, kí ẹ sì gbé e lọ síbi tí ẹ ti ń gba oògùn. Ẹ bèèrè àpótí aláwọ̀ ìyeyè tí àwọn nọ́ọ̀sì ń ju abẹ́rẹ́ sí.